Bí A Ṣe Gbá Ilé Lyle Mọ́

Ní ìlú wa, bí iná bá ń jó ilé ẹnì kan, onílé á kọ́kọ́ gbálẹ̀ kí àwọn panápaná tó dé. Mi ò ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá ọkọ mi, ohun tó fi ẹnu wíwọ́ sọ kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ni pé kí n bá òun nu orí sítóòfù. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ fi fóònù sọ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá wò ó bóyá Lyle Pascoe lè dá gbé ilé, kí lẹ rò pé a ṣe? A mú ìgbálẹ̀.

Aládùúgbò mi ni Lyle, fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n bí i pẹ̀lú ọpọlọ tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ohun tí ẹ̀yin máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè pẹ́ kí Lyle tó gbọ́ ọ, àmọ́ tó bá ti gbọ́ ọ tán, ó di tiẹ̀ títí ayé nìyẹn. Hazel ìyá rẹ̀ ló dá tọ́ ọ, láìráhùn, títí tó fi kú lẹ́yìn ìkórè ọkà. Òdòdó orí sàréè ò tíì gbẹ tí ilé ìwòsàn ti kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ pé ọkùnrin kan wà ní Port Carrow, ìlú wa, tí kò ní olùtọ́jú.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe nǹkan. Ó ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwọn àgbàlagbà tí kò lè dá tọ́jú ara wọn kiri, kó sì pinnu ibi tí wọ́n máa gbé. Tí wọ́n bá rí i pé Lyle lè wà nílé, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á sì wá ẹni tí á máa wá ràn án lọ́wọ́. Tí wọn ò bá rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àjùmọ̀gbé kan ní Adelaide, olú ìlú ìpínlẹ̀, níbi tí àwọn tí kò mọ ara wọn rí ti jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lyle ò fẹ́ lọ sí Adelaide. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dé ibẹ̀ rí, eyín ni wọ́n sì yọ fún un.

Clarrie Hocking tó ń gbé ní òdìkejì títì ló gé koríko. Apẹja ni Clarrie kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ ló tà, kò ta ẹnu.

"Verna," ó pè mí láti inú koríko, "tí ọmọbìnrin yẹn bá rí ibí yìí, á rò pé ejò ni wọ́n ní kóun wá bẹ̀ wò."

"Gé e, kó o yéé pariwo."

"Ìwọ gan-an jókòó díẹ̀ o. Ojú ẹ ti funfun."

"Ojú ìyá mi náà funfun bẹ́ẹ̀. Gé koríko."

Èmi ni mo mú ilé ìdáná. Hazel, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ti lẹ téèpù aláwọ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Èyí tó pupa wà níbi tí ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn lára sítóòfù, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé wà níbi tí wọ́n ti ń yí i. Ó gé àwòrán ife nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ife. Ó lẹ àwòrán abọ́ mọ́ ti abọ́, àwòrán ewé tíì mọ́ agolo tíì. Òróró ti rin gbogbo wọn, etí wọn ti ká. Ojú tì mí dípò Hazel. Mo mú omi gbígbóná àti ọ̀bẹ, mo họ wọ́n kúrò láìku ẹyọ kan. Mo wá to ife síbi tó yẹ kí ife wà, ìyẹn ibi tó wà nílé tèmi. Kẹ́tùlù dúdú tí wọ́n ń gbé ka sítóòfù, mo sọ ọ́ sínú àgbá ìdọ̀tí. Mo gbé kẹ́tùlù iná mànàmáná tí ìyàwó ọmọ mi fún mi ní Kérésì wá. Mi ò tíì yọ ọ́ nínú páálí rẹ̀ rí, nítorí mi ò fẹ́ràn ìyàwó ọmọ mi.

Lyle dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Àǹtí Verna, téèpù Mọ́mì nìyẹn."

"Ó ti dọ̀tí, Lyle."

"Téèpù Mọ́mì ni."

"Àlejò ń bọ̀. Ṣé o fẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí ńlé?"

Ó rò ó. "Rárá."

"Ehn-ẹn. Wá gbọ́ nǹkan míì. Tó bá bi ẹ́ pé ta ló ń tún ilé ṣe, ìwọ ni. Ta ló ń fọṣọ? Ìwọ ni."

"Ẹ̀yin lẹ ń fọṣọ, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Ṣá sọ pé ìwọ ni."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ kọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni."

Ó tún rò ó. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n aago ti lọ, kéèkì mi sì wà nínú ààrò, mo ní kó lọ bọ́ adìẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, mọ́tò ìjọba funfun kan dúró lẹ́nu géètì. Danica lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ó gé irun mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì nu ẹsẹ̀ dáadáa kó tó wọlé, mo sàmì sí ìyẹn.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Pascoe."

Lyle wẹ̀yìn. "Bàbá mi nìyẹn. Wọ́n ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ni kí n máa wá pè yín?"

"Lyle."

A jókòó. Mo gbé àwọn kéèkì kékeré àti jáàmù àti wàrà kíki sílẹ̀, Clarrie ti mú méjì kí àwo tó balẹ̀. Danica wo yíká. Ilé ń dán. Òórùn ọṣẹ ń tani nímú.

"Ilé yín mọ́ gan-an, Lyle. Ta ló ń tún un ṣe?"

Lyle wò mí. Mo wo àjà.

"Èmi ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Àǹtí Verna ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Clarrie húkọ́ sínú kéèkì.

"Lyle máa ń ṣàwàdà," mo sọ fún un.

"Mi ò ṣàwàdà," Lyle dáhùn.

Danica ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, "Lyle, ṣé ẹ lè bá mi po tíì?" Bí wọ́n ṣe ń dán èèyàn wò nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, nítorí tíì tí Lyle ti pò fún ìyá rẹ̀ láyé yìí, tí a bá dà á sínú òkun, òkun á pọ́n. Ó dìde, ó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ife. Ìyẹ̀fun ló bá níbẹ̀.

Ìgbà náà ni ohun tí mo ṣe wá yé mi.

Ó ṣí èkejì, ìkòkò ló bá. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó tì í padà láìwo inú rẹ̀. Ó dúró síwájú kẹ́tùlù ìyàwó ọmọ mi fún ìgbà pípẹ́. Ike ni kẹ́tùlù náà láti òkè dé ìdí. Lyle bu omi sí i, ó gbé e ka sítóòfù gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó wá téèpù aláwọ̀ ewé títí kò rí i, ó sì yí èyí tó súnmọ́ ọn jù. Èyí tó súnmọ́ ọn náà ló tọ̀nà. Kí n tó lè gbé ara mi dìde lórí àga, kẹ́tùlù ti ń yọ́ wọnú iná, èéfín ti dé àjà. Ẹ̀rọ tó ń kígbe iná, èyí tí Clarrie fi bátìrì tuntun sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́.

Clarrie fi aṣọ ìnura gbé ike yíyọ́ náà jáde sórí koríko tó gé. Danica ṣí fèrèsé. Lyle jókòó nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Mi ò mọ ibi tí nǹkan wà," ó ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ilé mi kọ́ nìyí. Ilé mi kọ́ nìyí."

Nígbà tí ariwo dákẹ́, Danica jókòó ti í nílẹ̀ tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́. "Níbo ni ife máa ń wà, Lyle?"

"Níbi àwòrán ife."

"Àwòrán wo?"

"Àǹtí Verna fọ̀bẹ họ wọ́n kúrò."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí. Ojú tì mí débi pé tí ilẹ̀ bá lanu, mi ò ní bi í léèrè kí n tó wọlé. Mo fẹ́ ṣe ọmọ Hazel lóore, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi ṣí ọ̀nà Adelaide fún un.

"Ó dáa," Danica tún bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi tíì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wọ bàtà. Mo máa ń bọ́ adìẹ. Lẹ́yìn náà, mo máa ń lọ gbé Àǹtí Verna dìde."

"Ẹ máa ń gbé wọn dìde? Níbo?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà míì nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀, inú balùwẹ̀ ni. Wọn ò wọṣọ. Mo dijú."

Clarrie gbé kéèkì sílẹ̀. Mi ò rí i rí kí Clarrie gbé kéèkì sílẹ̀.

"Verna, látìgbà wo?"

"Jẹ kéèkì ẹ."

"Mo ní látìgbà wo?"

"Látìgbà tí kò ti kàn ẹ́!"

Lyle ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí wọ́n bi í léèrè, kò sì tíì dáhùn tán. Ó ní òun kì í fa ọwọ́ òsì mi, pé ọwọ́ òsì ń dùn mí. Ó ní òun ló ń fa ìbọ̀sẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, òun ló ń ṣí ìgò. "Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe."

Mo dìde, mo ní mo fi nǹkan sínú ààrò, mo sì lọ sílé. Kò sí nǹkan kan nínú ààrò.

Danica bá mi lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Mo ti múra àtibú u, ṣùgbọ́n kò fún mi láyè.

"Mà, mi ò ní tan yín. Ohun tí ojú mi rí lónìí ni pé ọkùnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ilé. Mo máa sọ ìyẹn níwájú ìgbìmọ̀ tó máa pinnu ibi tí Lyle máa gbé, mi ò lè fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ nǹkan míì. Mo gbọ́ pé ó ń jí fúnra ẹ̀, ó ń bọ́ adìẹ, ó ń gbé àgbàlagbà kan dìde láràárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn lè gbé ilé rẹ̀, tá a bá fi ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ kún un. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún wọn pé òótọ́ ni."

"Kò sóhun tó ń ṣe mí."

"Mà, látìgbà tá a ti ń sọ̀rọ̀ lẹ ti di fẹ́ǹsì mú."

"Fẹ́ǹsì mi ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́, mà. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ kì í ṣubú, a jẹ́ pé Lyle ń rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ò ní jẹ́ kí ẹni tó ń rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ dá gbé."

"Tí mo bá wá sọ pé mò ń ṣubú ńkọ́?"

Ibí yìí ló ti wolẹ̀. "Àwọn èèyàn wa máa wá wo ẹ̀yin náà."

Mo ní kó máa lọ. Ẹ̀rù ló bà mí, kí n má parọ́. Thelma àbúrò mi jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì kan pé òun yọ̀ ṣubú nílé ìdáná, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ọdún tó yí, ó ti wà nínú yàrá kan tó ń rùn bí ọbẹ̀ àná, wọ́n ti ta ilé rẹ̀, àjèjì sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní oúnjẹ alẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ṣubú á wo ọ̀tún wo òsì, á gbọn aṣọ, á ní òun ń wá owó ẹyọ tó já bọ́. Báyìí ni ìyá mi ṣe é títí tó fi kú, wọ́n sì yìn ín lójú sàréè pé kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí.

Clarrie ra téèpù tuntun lọ́jà, Lyle sì ń júwe fún un: ibí pupa, ibí ewé, ife níbí. Clarrie ò lè gé àwòrán dáadáa. Ife tó gé dà bí ìgbọ̀nsẹ̀ ẹyẹ. Lyle ní ó ti tó, òun mọ̀ pé ife ni. Mo yọ kẹ́tùlù dúdú nínú àgbá ìdọ̀tí, mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí Danica padà wá lọ́sẹ̀ kejì, Lyle po tíì fún gbogbo wa, ó sì gbóná, ó sì dùn. Danica mu tirẹ̀ tán, ó wò mí, mo wo inú ife mi.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ ń sún mọ́lé. Lyle bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ di àwọn ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé afárá onígi wà ní Adelaide, tí wọ́n ti ń ju ìwọ̀?"

"Ó wà."

"Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn dá lọ?"

Mo bá a so okùn mọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn dá lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ mi bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ, àmọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ni. Lyle ló kọ́kọ́ wọlé. Clarrie tẹ̀ lé e, ó di fìlà mú láyà bí ẹni tó wá kí òkú.

"Kí lọkùnrin yẹn ń wá ní yàrá mi?"

"Mò ń kọ́ ọ ni," Lyle ní. "Tí mo bá lọ, ta ló máa gbé yín?"

"Lyle, mú un jáde!"

"Ṣẹ́ ẹ rí i, Clarrie, wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú èèyàn. Ẹ má dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú u tán." Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀. "Ẹ má fa ọwọ́ òsì. Ẹ fi apá yín kọjá ẹ̀yìn wọn, báyìí. Ẹ ní, 'Ó yá o.' Ẹ dúró dìgbà tí àwọn náà bá ní, 'Ó yá.' Tí wọn ò bá tíì sọ ọ́, ẹ má gbé wọn."

Clarrie fi apá kọjá. "Ó yá o, Verna."

"Kúrò lára mi, arúgbó yìí."

"Wọn ò tíì sọ ọ́," Lyle kìlọ̀.

Clarrie ò dúró. Ó gbé mi, nǹkan ró gàù ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wólẹ̀ tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì. A jọ sùn síbẹ̀, èmi àti Clarrie Hocking, a ń wo àjà. Lyle dúró lé wa lórí, ojú rẹ̀ kún fún ìrònú.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti wá wúwo jù báyìí," ó ní.

Clarrie bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń ké yéè nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Lyle gbé mi jókòó tán, tó lọ gbé Clarrie, ni ẹkún gbé mi, mo sì sọ fún wọn pé eruku ló kó sí mi lójú.

Iyàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Ìyáàfin Fairweather ni alága, ó wá láti Adelaide, ó ní gíláàsì lójú àti òmíràn lórí. Ìlú ti wá jókòó sẹ́yìn wa, àwọn obìnrin ìjọ pọ̀ ju ti ọjọ́ Àìkú lọ. Àwọn obìnrin tí mo ti fi kéèkì gba ipò kìíní mọ́ lọ́wọ́ nínú ìdíje kéèkì ìlú fún ogún ọdún. Gbogbo wọn ló ti fi ọ̀dà pa ètè.

Danica sọ ti iná, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ó sọ ti tíì kejì. Alága kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyáàfin Trembath, Lyle sọ pé òun ló ń gbé yín dìde láràárọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ láti ilé. Mo fẹ́ sọ pé ó máa ń yà kí mi láàárọ̀, pé ọmọ dáadáa ni, pé ó máa ń bá mi gbé nǹkan. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ tí kì í sì í ṣe irọ́. Mo yíjú wo Lyle. Ó so táì bàbá rẹ̀ mọ́rùn, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Kò bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú sí mi. Ó kàn ń dúró kí n dáhùn, nítorí wọ́n bi mí léèrè. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ara mi ni mo ti ń tà á fún láti ọdún kan wá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé."

"Mi ò lè dá dìde mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Mo máa ń ṣubú. Ní balùwẹ̀, ní kọ́rídọ̀, níbi tí mo bá ti wà. Lyle ló ń gbé mi, òun ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi. Tí kò bá sí níbẹ̀, orí ilẹ̀ ni kí ẹ wá máa kí mi." Mo fọwọ́ tọ́ka sí Lyle. "Ọmọ yẹn ò parọ́. Kò mọ̀ ọ́n pa. Èmi ni mo gbìyànjú láti kọ́ ọ, kò gbà."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Olúwa mi o." Ohùn Beryl, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ, ni, mo mọ̀ ọ́n.

Alága yíjú sí Lyle. "Ṣé iṣẹ́ náà ò pọ̀ jù fún yín?"

"Wọ́n wúwo," Lyle dáhùn. "Wọ́n tún máa ń bú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé wọn."

Ìgbìmọ̀ jáde, wọ́n padà wọlé. Alága ní Lyle Pascoe á máa gbé ilé rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ á rán òṣìṣẹ́ kan wá láràárọ̀: ilé Lyle ní apá kan, ilé mi ní apá kejì. Ó wá yọ gíláàsì ojú, ó wò mí gidi.

"Kò bófin mu kó jẹ́ pé orí ejìká Lyle nìkan ni ìtọ́jú yín wà, Ìyáàfin Trembath. Tí ẹ bá lé òṣìṣẹ́ wa, a máa tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, tiyín àti tiẹ̀."

Sela lorúkọ ẹni tí wọ́n rán wá, obìnrin ará erékùṣù Tonga kan, apá rẹ̀ le, ó sì ń kọrin ìsìn jẹ́jẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ dé. Ó ní òun fẹ́ wẹ̀ mí. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, kò sí ojú tó mọ̀ọ́mọ̀ rí ìhòòhò mi, yàtọ̀ sí ti Lyle, èyí tó dì. Mo di bọ́tìnnì aṣọ ìsùn mi mú. Mo ti la ẹnu láti sọ pé mo ti wẹ̀ lánàá.

Nígbà náà ni mo gbọ́ pé ẹnì kan ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

"Lyle, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni. Mo dijú."

"Kí lò ń wá?"

"Ṣé ẹ gbà kí wọ́n wẹ̀ yín?"

Sela dákẹ́ orin. Omi ń dà. Mi ò fẹ́ rárá. Kò sí nǹkan kan láyé tí mi ò fẹ́ tó ìyẹn.

"Mo gbà," mo ní.

"Gbogbo ẹ̀, Àǹtí? Títí kan irun?"

"Títí kan irun. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà!"

Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá kó lè dá a lójú. Mo tú bọ́tìnnì àkọ́kọ́, Sela bá mi tú ìyókù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Lyle ní kọ́rídọ̀, mo gbọ́ géètì, mo sì gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, tó wọlé.